Iyọ̀ Inú Ọbẹ̀ Ìyá Ọkọ Mi

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí mo mọ̀, tí n kò sì tíì pàdé ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n. Mo bi àwọn ọmọ mi tó lọ sí yunifásítì, wọ́n ní èmi ni mo dá a sílẹ̀. Mo bi pásítọ̀ wa, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ibo lẹ ti ń rí irú èyí?" Ọ̀rọ̀ náà ni ingustable. Ohun tí èèyàn fi sẹ́nu tí ahọ́n kò rí adùn kankan níbẹ̀, kò dùn, kò korò, kò kan, òun ni àwọn òyìnbó àtijọ́ ń pè bẹ́ẹ̀. Odigbo ni mo ti rí i, nínú ìwé atúmọ̀-èdè ògbólógbòó kan, nígbà tí mo jẹ́ ìyàwó tuntun, tí ọkọ mi kò sí nílé, tí n kò sì rí ẹni bá sọ̀rọ̀ ju ìwé náà lọ.

Òmìnira ò tíì pé ọdún méjì nígbà náà. Àsíá kéékèèké tí wọ́n so mọ́ iwájú ilé ìwé ti ṣá, àwọn ọmọdé sì ń fi kọ́ọ̀bù tí wọ́n pín fún wọn lọ́jọ́ òmìnira mu gààrí. Ní Ore, katakátá ń hó láàárọ̀ lálẹ́, wọ́n ń la ọ̀nà ńlá tí wọ́n ní yóò gba Ìbíní lọ. Èmi kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Apá Ọ̀ṣogbo ni wọ́n bí mi sí. Ọkọ mi wá ṣe tíṣà nílùú wa, ó rí mi ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń kọ́ aṣọ rírán, ọ̀rọ̀ wọ̀, a ṣègbéyàwó. Ìyá mi ò fẹ́. Wọ́n ní ọ̀nà jìn, wọ́n ní èdè wọn ò yé wa, wọ́n ní bí mo bá lọ tí mo bá padà wá pẹ̀lú ẹrù lórí, kí n má ya ilé àwọn. Mo ní n kò ní padà wá. Orí kunkun wà lára mi gan-an nígbà yẹn, ẹ má wò mí bí mo ṣe rọ̀ báyìí.

Oṣù méjì péré la lò pọ̀ ní Odigbo. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti kó ọmọ kún ilé ìwé káàkiri, tíṣà ò kárí, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn wá ń mú àwọn tíṣà lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kí wọ́n lè kọ́ṣẹ́ sí i. Wọ́n mú ọkọ mi. Ìbàdàn, ọdún méjì. Ó di àpótí rẹ̀, ó fi mí lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ó fi ìwé atúmọ̀-èdè náà lé èmi lọ́wọ́. Ọ̀gá ilé ìwé kan tó fẹ̀yìntì ló fún un, ó wúwo bí ọlọ, ikán ti jẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní kí n máa kọ́ ọ̀rọ̀ kan lójúmọ́, pé bí òun bá dé, èmi náà á ṣe ìdánwò kí n lè di tíṣà. Ó ní, "Má bá Ìyé jà o." Ìyé ni àwọn Ìkálẹ̀ ń pe ìyá. Mo ní, "Ṣé mo jọ oníjà ni?" Ó wọ mọ́tò.

Ìyé ga, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọn kì í pariwo. Ọkọ wọn ti kú tipẹ́. Aládùúrà ni wọ́n, aṣọ funfun wọn kì í ní àbàwọ́n kankan, bí agogo ilé àdúrà bá ti dún, kò sí ohun tó lè dá wọn dúró. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àdúrà ni wọ́n fi lókìkí. Ẹnu wọn ni. Pùpùrù ni oúnjẹ ibẹ̀, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ sómi títí ó fi rọ̀, tí wọ́n fún, tí wọ́n mọ ní róbótó-róbótó, tí wọ́n tò sórí pẹpẹ lókè iná títí èèpo rẹ̀ fi dúdú. Bí ẹ̀gẹ́ náà ò bá pẹ́ tó nínú omi, á korò, ó sì lè ṣe èèyàn ní jàǹbá. Bó bá pẹ́ jù, á kan bíi ti ọtí tó bàjẹ́. Ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n kó o kúrò nínú omi, ojú ọjọ́ ló ń sọ ọ́, irú ẹ̀gẹ́ ló ń sọ ọ́, àwọn obìnrin míì sì wà tó ti dàgbà tí ọkàn wọn kì í balẹ̀ lórí ẹ̀. Nítorí náà, láàárọ̀ kùtù, kí wọ́n tó fún un, wọ́n á bu díẹ̀ sínú ewé, wọ́n á gbé e wá fún Ìyé.

Ìyé á jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n á fi ìka méjì ra á, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á fi kan ahọ́n, wọ́n á tutọ́ sí ẹ̀gbẹ́. "Ó tó." Tàbí kí wọ́n ní, "Dá a padà sómi, ó dọ̀la." Ó tán. Ẹnikẹ́ni kì í bá wọn jiyàn. Àwọn obìnrin á wá dúró díẹ̀, wọ́n á sọ̀rọ̀ ọkọ, wọ́n á sọ̀rọ̀ ọmọ, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí oòrùn á fi gòkè. Àtàárọ̀ lojú ọ̀nà ilé wa ti máa ń kún, tí èmi á máa gbálẹ̀ lẹ́yìn wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, wọ́n á sọ Yorùbá tó yé mi. Bí ọ̀rọ̀ bá ti wá dùn, wọ́n á bọ́ sínú Ìkálẹ̀, ẹ̀rín á sọ, èmi á dúró pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí.

Lẹ́yìn òjò ọdún yẹn, ibà àti ọ̀fìnkìn dá Ìyé dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Mo tọ́jú wọn. Mo se omi ewé, mo fọ aṣọ, mo fẹ́ iná. Nígbà tí wọ́n dìde, mo fi ẹja tútù se ọbẹ̀ tí mo mọ̀ pé ó dáa, mo gbé e síwájú wọn. Wọ́n jẹ òkèlè kan, wọ́n wò mí.

"Ìyàwó, o ò fiyọ̀ sí i."

"Mo fi sí i, mà."

"Kò sí iyọ̀ níbẹ̀."

Mo bu iyọ̀ kún un. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ yẹn náà ni. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ní ata gan-an ò sí níbẹ̀, pé ó dà bíi kí àwọn máa jẹ omi gbígbóná. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bu iyọ̀ bí aṣiwèrè. Àbúrò bàbá ọkọ mi, tí a ń pè ní Bàbá Kékeré, máa ń wá jẹun lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ Sunday. Lọ́jọ́ Sunday kan wọ́n jẹ òkèlè méjì, wọ́n wá omi. "Háà, ìyàwó, ṣé o fẹ́ pa mí ni? Iyọ̀ yìí pọ̀ jù!" Ìyé gbé ojú sókè, wọ́n ní, "Iyọ̀ wo?" Mo dúró láàárín àwọn méjèèjì, n kò mọ ẹni tí màá gbọ́ tirẹ̀. Bàbá Kékeré ò tún jẹun níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ìgbà yẹn ni mo wá kó wọnú ìwé ọkọ mi. Bí mo bá ti fọ àwo tán, màá jókòó sí yàrá wa, màá ṣí i. Mo ṣàkíyèsí pé àmì kan wà níwájú àwọn ọ̀rọ̀ kan, ó dà bí àgbélébùú kékeré. Mo padà sí iwájú ìwé lọ wo ohun tó túmọ̀ sí, wọ́n ní àwọn ọ̀rọ̀ tó ti kú nìyẹn, tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́. Ó ṣe mí láàánú. Mo pa àwọn alààyè tì, àwọn òkú ni mo wá ń wá kiri, ojú ewé dé ojú ewé. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀, kò sí ohun tí kò lè fi ṣe ọ̀rẹ́. Báyìí ni mo ṣe dé ọ̀dọ̀ ingustable. Mo kà á, mo tún un kà, mo pariwo nínú yàrá, "Ọbẹ̀ mi rèé!"

Mo kọ lẹ́tà sí ọkọ mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ní, "Ọbẹ̀ mi ti di ingustable lẹ́nu Ìyé. Gbogbo ohun tí mo bá sè, wọ́n ní kò níyọ̀. N kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá, bó tiẹ̀ jẹ́ ọjọ́ kan." Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí èsì tó dé. Ó ní, "Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Ọ̀rọ̀ tí o kọ yẹn ti kú, wọn kò ní bi ọ́ nínú ìdánwò. Èyí tó wà láàyè ni kí o máa kọ́. Máa ṣe sùúrù fún Ìyé." Ìyẹn náà ni gbogbo ẹ̀. Mo yí lẹ́tà náà padà lọ wo ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá ó kọ nǹkan míì síbẹ̀. Òfìfo ni. Mo sunkún, mo sì bú u, mo bú u dáadáa.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Ìyé bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Ọjọ́ méje. Wọn ò sọ fún mi pé nítorí kí ni. Wọ́n á jí, wọ́n á wọ aṣọ funfun, wọ́n á lọ sí ilé àdúrà, wọn kì í padà títí di ìrọ̀lẹ́. Bí mo bá kí wọn, wọ́n á dáhùn, ojú wọn á sì wà nílẹ̀. Àwọn tó ń gbé ládùúgbò wa mọ̀ pé kò sí ẹni tí í gba ààwẹ̀ ọjọ́ méje lásán. Ó ní ohun tí wọ́n fẹ́ kí Ọlọ́run mú kúrò. Mo wo ilé yíká, ta ló wà níbẹ̀ tí Ọlọ́run lè mú kúrò bí kò ṣe èmi? Ṣebí àwa méjì náà ni. Mo gbà lọ́kàn mi pé èmi ni wọ́n ń gbààwẹ̀ sí. Ibi tí inú ti bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi gan-an nìyẹn.

Nígbà tí ààwẹ̀ parí, wọ́n jẹ ọbẹ̀ mi, wọ́n mi orí. "Kò tíì níyọ̀." Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Kékeré yà wá bá mi lẹ́yìn ilé. Wọ́n tẹ ohùn mọ́lẹ̀, wọ́n ní Ìyé ti bá àwọn sọ̀rọ̀. Ìyé ní kí wọ́n kọ̀wé sí ọkọ mi, kí n padà sọ́dọ̀ ìyá mi fún ìgbà díẹ̀ títí tí yóò fi ṣe tán ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, kí n lọ kọ́ oúnjẹ sísè sí i. Wọ́n ní àwọn yóò jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ Sunday tó ń bọ̀. Mo rí ara mi pẹ̀lú ẹrù lórí níwájú ilé ìyá mi ní Ọ̀ṣogbo, tí ilẹ̀kùn wà ní títì. Mo bi wọ́n pé, "Bàbá, ẹ̀yin náà jẹ ọbẹ̀ mi, ṣé kò níyọ̀?" Wọ́n ní, "Ìyàwó, ìyá ọkọ rẹ ni. Ẹnu wọn kì í ṣìnà."

Lọ́jọ́ yẹn, mo wọ ilé ìdáná pẹ̀lú ìbínú. Mo bu ọbẹ̀ Ìyé sọ́tọ̀. Mo kó iyọ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan dà sí i. Mo tún kó ẹ̀kúnwọ́ kejì. Mo ní lónìí, wọ́n á mọ iyọ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n pariwo, kí wọ́n tutọ́, kí wọ́n da ọbẹ̀ náà sí mi lára pàápàá, kí a jà, kó ṣáà ti parí. Mo gbé e síwájú wọn, mo dúró.

Wọ́n jẹ ẹ́. Òkèlè kìíní, òkèlè kejì. Wọ́n jẹ pùpùrù náà tán, wọ́n fi ìka nu inú àwo. Ojú wọn ò yí padà rárá. Wọ́n ní, "Ó ṣì kù díẹ̀ káàtó, ìyàwó," wọ́n sì bu omi mu.

Mo gbé àwo náà lọ sẹ́yìn ilé, mo fi ìka kan ìyókù tó wà nídìí rẹ̀. Ẹ gbà mí! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bó mi láhọ́n. Mo fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ìwé ọkọ mi sọ pé ohun tí a kò lè mọ adùn rẹ̀, ẹ̀bi náà wà lára oúnjẹ. Òyìnbó tó kọ ọ́ ò tilẹ̀ rántí ẹnu. Bẹ́ẹ̀ àwa Yorùbá, ẹnu la máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, a ó ní kò dùn lẹ́nu mi, a ó ní ẹnu mi ò gba nǹkan kan. Kò sí nǹkan tó ṣe ọbẹ̀ mi. Ẹnu Ìyé ló ti kú, láti ọjọ́ ibà yẹn.

Ó yẹ kí àánú ṣe mí. Mo ń sọ òtítọ́ fún yín, Ọlọ́run má bínú, inú mi dùn ni. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Mo ti rí ohun tí mo máa fi gba ara mi.

Sunday pé. Lẹ́yìn tí wọ́n ti ilé àdúrà dé, Bàbá Kékeré jókòó sínú pálọ̀, Ìyé jókòó sí ọ̀tún wọn nínú aṣọ funfun. Bí Ọlọ́run ṣe máa ṣe é, àwọn obìnrin mẹ́rin tó ń ṣe pùpùrù yà wá kí Ìyé, wọn ò mọ̀ pé ìpàdé wà. Wọ́n fẹ́ jáde, èmi ni mo ní kí wọ́n jókòó. Èmi, ìyàwó tuntun! Bàbá Kékeré wò mí tìyanu-tìyanu. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, wọ́n ń fi ẹ̀sọ̀ sọ ọ́, pé wọn ò kórìíra mi, pé àtúnṣe ni wọ́n ń wá. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gbé nǹkan kan wá kí ẹ tó dájọ́."

Mo ti gbé e kalẹ̀ látàárọ̀. Abọ́ méjì tó jọra, ọbẹ̀ kan náà. Ọ̀kan, n kò fi iyọ̀ kankan sí i. Èkejì, mo fi ẹ̀kúnwọ́ méjì sí i. Mo gbé wọn síwájú Ìyé, mo ní, "Ìyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́ wọn wò. Ọ̀kan níyọ̀, ọ̀kan ò ní. Ẹ bá mi sọ èyí tó níyọ̀."

Ìyé wo abọ́ méjèèjì. Wọ́n kán ọbẹ̀ àkọ́kọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, bí obìnrin ṣe máa ń ṣe nídìí iná, wọ́n lá a. Wọ́n kán èkejì, wọ́n lá a. Wọ́n tún padà sí ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n wò mí. N kò tíì rí irú ojú yẹn lójú wọn rí. Wọn ò bínú. Wọ́n ń bẹ̀ mí. Ìyá ọkọ mi, tó ga báyẹn, tí gbogbo Odigbo ń kí, ń fi ojú bẹ̀ mí pé kí n má ṣe é. Mo lè sọ pé àṣìṣe ni, mo lè gbé àwọn abọ́ náà kúrò, kí n bẹ̀bẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Mo rí gbogbo ìyẹn. Mo wá ronú kan ilẹ̀kùn ìyá mi. Mo ní, "Èwo ni, Ìyé?"

Wọ́n nawọ́ sí èyí tí kò níyọ̀. "Èyí ni."

Bàbá Kékeré kán an, wọ́n lá a. Wọ́n kán èkejì, ojú wọn fún pọ̀, wọ́n wá ibi tutọ́ sí. Wọ́n ní kí ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà tọ́ ọ wò, òun náà tọ́ ọ, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyé gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan. Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Wọn ò rán mi lọ sí Ọ̀ṣogbo. Bàbá Kékeré bẹ̀ mí pàápàá, wọ́n ní kí n má bínú. Mo jókòó sílé ìdáná lọ́jọ́ náà, mo ń dúró kí ayọ̀ mi tún dé. Kò dé.

Ní ọjọ́ Tuesday, àgbàlagbà tó ń ṣe olórí ilé àdúrà wọn wá kí wa. Ìyé ní àwọn ń sùn. Bàbá náà jókòó tì mí níta, wọ́n bi mí pé, "Ìwọ lo ṣe é?" Mo ní èmi ni, mo ní kí ló dé, ṣebí Ìyé fẹ́ lé mi kúrò nílé ọkọ mi ni, tí wọ́n sì fi ọjọ́ méje gbààwẹ̀ sí mi? Bàbá náà wò mí títí. Wọ́n ní, "Sí ta? Ẹnu rẹ̀ ló ń gbààwẹ̀ sí. Ó ní kí Ọlọ́run dá a padà fún òun. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni bí kò ṣe èmi." Wọ́n ní lákọ̀ọ́kọ́, Ìyé rò lóòótọ́ pé ọbẹ̀ mi ni. Nígbà tí wọ́n máa fi mọ̀ pé ẹnu àwọn ni, wọ́n ti wí i lẹ́ẹ̀mẹwàá, wọn ò mọ bí wọ́n á ṣe kó o jẹ. Mo ní, "Kí ló dé tí wọ́n fẹ́ kí n lọ?" Wọ́n ní, "Nítorí ìwọ lo ń wo ẹnu rẹ̀ bó bá ń jẹun. Kò sí ẹlòmíràn tí ì bá mọ̀." Bàbá náà gbé ọ̀pá wọn, wọ́n lọ.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbálẹ̀ iwájú ilé. Ìyé jáde, wọ́n jókòó sórí àpótí. Ẹnikẹ́ni ò wá. Lọ́jọ́ tó tẹ̀lé e, wọ́n tún jókòó. Obìnrin kan kọjá tòun ti ewé lọ́wọ́, ó fi ewé náà pamọ́ sábẹ́ ìró, ó kúnlẹ̀ kí Ìyé, ó ń yára lọ. Ìgbà yẹn ni mo wá ro ohun kan tó yẹ kí n ti rò tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà ibà yẹn títí di Sunday tí mo gbé abọ́ méjì kalẹ̀, ó ju oṣù mẹ́ta lọ, gbogbo àárọ̀ tí wọn ò sí nínú ààwẹ̀ ni Ìyé ń dájọ́ ẹ̀gẹ́ fún àwọn obìnrin, kò sì sí èyí tó korò, kò sí èyí tó bàjẹ́. Ìka wọn ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Kíkàn ahọ́n yẹn, kí àwọn èèyàn lè rí i ni. Ìka wọn kò kú. Wọn kì bá ti pa ẹnikẹ́ni lára láéláé. Ẹni tó yẹ kó mọ̀ ọ́n ni èmi, torí èmi ni mo ń gbálẹ̀ níbẹ̀. Kí òjò tó tún dé, àwọn obìnrin yẹn gbé pùpùrù kan lọ sí Ore, àwọn oníbàárà dá a padà, wọ́n ní ó korò. Mo lọ bá wọn, mo ní kí wọ́n padà sọ́dọ̀ Ìyé, pé ìka Ìyé mọ̀ ọ́n. Wọ́n wò mí. Ọ̀kan ní, "Ìyàwó, ṣé kì í ṣe ìwọ lo fi hàn wá?"

Ìyé kó àpótí náà wọlé. Láti ìgbà náà, ilé wa dákẹ́. Èmi tí mo ti ń bínú sí ẹ̀rín wọn lẹ́nu ọ̀nà, mo wá ń dúró kí n gbọ́ ọ, kódà kí ó jẹ́ èmi ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Mo ṣí ìwé ọkọ mi, n kò lè kà á.

Ohun tó wá pa mí jù ni oúnjẹ. Bí mo bá ti gbé e síwájú Ìyé, wọ́n á jẹ ẹ́ tán, wọ́n á ní, "Ó dùn." Bó jóná, ó dùn. Bó tutù, ó dùn. Wọn ò pariwo mọ́ mi, wọn ò ṣẹ̀fẹ̀, wọn ò yan odì. Ó dùn náà ni. N kò lè fara dà á. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, mo ní kí wọ́n bú mi. Wọ́n ní, "Kí lo ṣe?" wọ́n sì ń bá aṣọ tí wọ́n ń ká lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo mọ̀ọ́mọ̀ se ọbẹ̀ láìfi iyọ̀ sí i, láìfi ata sí i, láìfi ẹja sí i. Omi àti epo lásán. Mo fẹ́ kí wọ́n bínú, kí wọ́n ní ìyàwó burúkú ni mí. Mo gbé e síwájú wọn, mo jókòó sílẹ̀. Wọ́n jẹ ẹ́ títí, wọ́n sì nu àwo.

"Ó dùn, ìyàwó."

Mo bú sẹ́kún. Mo ní, "Ìyé, kò dùn! N kò fi nǹkan kan sí i, iyọ̀ ò sí níbẹ̀ rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ pé kò dùn."

Wọ́n bu omi sínú abọ́, wọ́n fọ ọwọ́ wọn, ìka kan lẹ́yìn ìka kan, wọ́n nù ún gbẹ.

"Bó o bá gbé e wá, ó dùn náà nìyẹn," wọ́n ní. "Ta ni yóò gbà mí gbọ́ bí mo bá ní kò dùn?"